Ọlọ́pàá Inú Ìwé

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara ń le? Ojú ọ̀tún tó ń ṣomi yẹn ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti ka iye ọ̀sẹ̀ tí mo fi dákẹ́, ẹ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kan. Iṣẹ́ ló pọ̀, ọ̀lẹ náà sì wà nínú rẹ̀. Ta ló máa parọ́ fún ọlọ́pàá?

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn náà ni mo ṣì wà. Àwa mẹ́fà la ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde, méjì méjì, ẹnì kan níbí, ẹnì kan lọ́hùn-ún. Àwọn aláìsàn máa ń gbàgbé nǹkan sínú aṣọ: eyín àtọwọ́dá, gíláàsì, òrùka. Òfin ibẹ̀ ni pé a óò gbé ohun tá a bá rí sórí pẹpẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, a óò lẹ déètì mọ́ ọn. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé tí olóhun ò wá, ẹni tó rí i ló ni ín. Lóṣù tó kọjá, ìwé ìtàn kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ látinú àpò ìrọ̀rí. Ẹnì kan ti da tíì sí i lára. Ọgbọ̀n ọjọ́ pé lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé e lọ sílé. Bàbá mi, mi ò tíì gbádùn ìwé báyìí rí.

Ìlú kan ni, ní ilẹ̀ tí ìjọba ò tíì ráyè débẹ̀ dáadáa. Títì kan ṣoṣo, ilé pákó lọ́tùn-ún lósì, eruku, ẹṣin, ilé ọtí mẹ́rin, kò sí ilé ìwé kan. Ọlọ́pàá méjì péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá jẹ́ àgbàlagbà onírùngbọ̀n tí orúnkún ń dùn. Igbákejì rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi epo nu ìbọn rẹ̀ láràárọ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń gbá àgọ́. Ní orí kìíní, ọ̀mùtí mẹ́ta dúró sáàárín títì pẹ̀lú ìbọn. Onírùngbọ̀n kàn na ọwọ́, wọ́n sì kó ìbọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé tó ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá han tíṣà. Mo rẹ́rìn-ín sókè nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin tó jókòó tì mí sún síwájú.

Ẹ̀yin ni mo ń rí bí mo ṣe ń kà á. Ẹ sọ fún mi, ṣé ó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kí èèyàn na ọwọ́ lásán kí ọ̀mùtí sì gbé ìbọn kalẹ̀?

Ọmọ yín obìnrin.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀.

Ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ lánàá. Ara mi le. Ojú ṣì ń ṣomi, kò dí mi lọ́wọ́ láti rí ohun tí kò dára. Àǹtí rẹ kí ọ láti ilé ìdáná. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa jẹun. Mo sọ fún un pé ẹni tó ń dá rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì, oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀.

Nípa ọ̀rọ̀ ìbọn, ó lè ṣẹlẹ̀. Mo rí i lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀mùtí kì í wo ọwọ́ rẹ, ojú rẹ ló ń wò. Bí o bá wo ibòmíràn pẹ́nrẹ́n, o ti wọ gàù.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ láti bá àwọn ará ibẹ̀ rò. Ọlọ́pàá méjì péré! Nígbà tí àwọn méjèèjì jáde sí títì, ta ló wà ní káńtà? Ìbọn mẹ́ta tó gbà, inú ìwé wo ló kọ wọ́n sí? Nọ́ńbà wọn dà? Ta ló fọwọ́ sí i? Bó bá jẹ́ àgọ́ wa ni, ìbéèrè á ti dé sórí tábìlì rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Onírùngbọ̀n yẹn láyà lóòótọ́, kò mọ iṣẹ́. Iṣẹ́ ọlọ́pàá, ìwé ni. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé kò ṣẹlẹ̀.

Síbẹ̀ mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Máa sọ ìtàn náà fún mi lọ, má fo nǹkan kan. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fún àwọn tó wà látìmọ́lé jẹ. Má sì sọ pé o óò pè mí lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ fóònù kò ní àkọsílẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àmójútó. Mo ka lẹ́tà yín fún ẹni tá a jọ ń ká aṣọ, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un lédè àwọn ará ibí. Nígbà tí mo dé ibi “nọ́ńbà wọn dà”, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan mọ́ ẹ̀rọ. Ó ní kí n kí bàbá tó ń bá ìwé jà.

Ẹ̀wà àti búrẹ́dì líle ni wọ́n ń fún wọn jẹ látìmọ́lé, ìyàwó onílé ọtí ló ń sè é. Mo wò ó dáadáa nítorí yín.

Ìtàn náà ti le báyìí. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ní màlúù bí ilẹ̀ bí ẹní, òun ló ń pàṣẹ ìlú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ràn tẹ́tẹ́. Ọmọ yìí jí ẹṣin bàbá rẹ̀ gùn lọ síbi tẹ́tẹ́, bàtà irin ẹṣin yọ lọ́nà, ó wá fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ kan ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí bàbá kígbe olè, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti rí ẹṣin. Ẹni tó bá jí ẹṣin nílùú yẹn, okùn ni. Igbákejì sì rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé àgọ́! Ó rí ọmọ olówó, ó rí ẹṣin. Onírùngbọ̀n bi í pé, “Kí lo rí?” Ó ní òun ò rí nǹkan kan, nítorí pé olówó màlúù ló bá a wá iṣẹ́. Wọ́n ti alágbẹ̀dẹ mọ́lé.

Inú bí mi débi pé mo pa ìwé náà dé, mo jókòó lé e. Irú èèyàn wo nìyẹn? Báwo ló ṣe ń jẹun? Báwo ló ṣe ń wo ojú ọmọ rẹ̀, bó bá bímọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe iṣẹ́ náà láìní àbàwọ́n, ẹ wí: kí ló yẹ kí wọ́n fi irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ ṣe? Mò ń retí ìdájọ́ yín.

Ọmọ yín obìnrin.


Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ ǹlẹ́ o. Oṣù méjì kọjá, mi ò rí ìwé yín. Èmi tí ẹ máa ń bá wí pé mo ń pẹ́, ta ló wá pẹ́ báyìí? Mo pe Àǹtí lórí fóònù. Ó ní ara yín le, ẹ̀ ń jẹun, ṣùgbọ́n ẹ ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ ka lẹ́tà mi nídìí wíńdò, ẹ sì kó o sí àpótí láìsọ ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ṣé nítorí mo fi ìwé yín dá ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́rìn-ín? Ẹ forí jì mí.

Níbí, wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, ó ń ká aṣọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí aṣọ bá tutù díẹ̀ á lọ́ ọ pọ̀ bí ọ̀já. Iṣẹ́ wa ni ká máa tú ohun tó bá lọ́. A ti wá di ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ.

Mo rọra ń ka ìwé náà kó má tètè tán. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ ń gbé oúnjẹ wá sí àgọ́ lójoojúmọ́, igbákejì ló sì ń gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé òun nìkan ni ọlọ́pàá tó ní ojú àánú. Ó gba ọpẹ́ náà, bàbá mi! Ó ní, “Kò tọ́pẹ́.” Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé. Bó tilẹ̀ jẹ́ ìlà méjì.

Ọmọ yín obìnrin.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà. Aago méje òwúrọ̀.

Ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà oṣù kẹta, mo gba ti oṣù karùn-ún. Ara mi le.

Ta ló sọ fún ọ?

Mo ti rò ó yíká. Ìyá rẹ kò mọ̀ títí ó fi kú. Ọ̀gá àgọ́ wa ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Ó ku èmi àti atúnkẹ̀kẹ́ṣe, òun kò sì jẹ́ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ o mọ̀. O sọ alùpùpù di ẹṣin, o sọ atúnkẹ̀kẹ́ṣe di alágbẹ̀dẹ, o sọ onísọ́míìlì di ọlọ́màlúù, o wá kó gbogbo wọn lọ sí ilẹ̀ eléruku bí ẹni pé n kò ní dá wọn mọ̀. Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ó dé inú mi, ó di odindi. Ṣùgbọ́n mo rò pé ọmọ tí mo tọ́ yóò bi mí lójúkojú, kò ní fi oṣù mẹ́rin pa àlọ́ mọ́ mi.

O ti mọ ìdajì, gba ìyókù. Ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn ni, o jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, atúnkẹ̀kẹ́ṣe ìkóríta wá sí káńtà fúnra rẹ̀. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ó ní ọmọ onísọ́míìlì gbé alùpùpù kan sọ́dọ̀ òun kí òun bá a tún ṣéènì ṣe, pé wọ́n ti fi irin họ nọ́ńbà ara rẹ̀, ọkàn òun kò balẹ̀, kí ọlọ́pàá wá wò ó. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àgọ́, ìlà mẹ́rin. Mo ní kó máa lọ, a ń bọ̀. Ní aago méjìlá, onísọ́míìlì wọlé, ó ní wọ́n jí alùpùpù òun. Ọ̀gá ka ohun tí mo kọ. Ó mọ̀ pé ọmọ ọkùnrin náà ló fẹ́ tà á. Ó gbé ìwé síwájú mi, ó ní ojú ewé yẹn dọ̀tí, kí n dà á kọ ní tuntun, kí n má sì kọ ti aago mẹ́sàn-án.

Mo ya ojú ewé náà. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ, mo fo ìlà mẹ́rin. Ọ̀gá wò ó, ó ní ọwọ́ mi dára. Ọ̀sán ọjọ́ náà la lọ mú atúnkẹ̀kẹ́ṣe gẹ́gẹ́ bí olè.

Ní kóòtù, èmi ni mo ka ojú ewé tuntun náà sókè. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ń pariwo pé òun fẹsẹ̀ ara òun wá sí àgọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wá òun. Adájọ́ bi mí pé, “Ṣé ó wà nínú ìwé?” Mo ní, “Kò sí nínú ìwé, sà.” Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni wọ́n fún un, ó sì lò ó pé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn kóòtù, wọ́n gbé mi ga, wọ́n lẹ okùn sájẹ́ǹtì mọ́ apá mi.

O bi mí pé báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ń jẹun. Ó ń jẹun dáadáa. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Mi ò mọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Ìwé ni, bàbá mi, ìwé lásán, tó ti inú ìrọ̀rí aláìsàn bọ́. Mo ti ya èèpo iwájú rẹ̀, òun ló wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Ẹ wo ẹṣin níbẹ̀. Ẹ wo onírùngbọ̀n. Àbàwọ́n tíì nìyẹn lápá ìsàlẹ̀. Mò ń gbádùn rẹ̀, mo sì rò pé ẹ̀yin náà máa gbádùn rẹ̀ nítorí ọlọ́pàá ni yín. Kò sí àbọ̀ ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.

Inú mi bàjẹ́, mi ò ní fi bò fún yín. Fún ọjọ́ méjì, aṣọ tí mò ń ká kò gún. Ẹnì kejì mi bi mí bóyá èèyàn mi kan kú. Mo ní rárá, ẹnì kan ló sọ̀rọ̀.

Ṣé ẹ rántí pé ọ̀nà ẹ̀yìn odò lẹ máa ń ní ká gbà lọ sílé ìwé? Ẹ ní olè wà ní ìkóríta. A gbà yín gbọ́. Lọ́jọ́ kan táyà kẹ̀kẹ́ mi jò, mo gba ìkóríta nítorí ó yá jù. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe yẹn na ọwọ́ pé kí n gbé kẹ̀kẹ́ wá. Mo bú sẹ́kún, mo sá, mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a bá kẹ̀kẹ́ náà lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ti lẹ táyà rẹ̀. Ẹ ò jẹ́ kí n gùn ún mọ́. Mo rò pé nítorí pé ọwọ́ olè kàn án ni.

Ọmọ yín ni mí, mi ò lè dá yín lẹ́jọ́. Mi ò sì lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kì í ṣe èmi ló yẹ kí ẹ kọ lẹ́tà yẹn sí. Ọkùnrin náà ṣì wà láyé, ìkóríta ò sì jìnnà sílé. Ẹ lọ bá a, bàbá mi. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín obìnrin.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù keje. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀.

Ọmọ mi,

Mo rí ẹṣin. Mo rí onírùngbọ̀n. Mo tẹ́ èèpo ìwé náà sórí tábìlì, mo rẹ́rìn-ín títí Àǹtí rẹ fi wá wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó síwájú àwọn tó ń jẹ́wọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. O kàn máa ní, “Kí lorúkọ rẹ?”, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn káńtà. Èmi náà ti wá di ọ̀kan nínú wọn, n kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n bi mí lórúkọ.

Má tọrọ àforíjì, ìwọ kò ṣẹ̀. Èmi ni mo fi ẹ̀sùn kan ọ lórí ohun tí o kò mọ̀, èyí sì ni ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo ṣe irú rẹ̀.

O ní kí n lọ bá a. Ẹ̀rù ń bà mí. N kò kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ rí láyé mi. Mo dé ìkóríta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ra bátìrì tí n kò nílò ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, mo padà sílé. Mo tún lọ lọ́jọ́bọ̀. Bátìrì ti pọ̀ nílé, Àǹtí rẹ ń bi mí bóyá ogun ń bọ̀.

Kí ni igbákejì yẹn ṣe níkẹyìn? Sọ ọ́ fún mi kí n tó lọ. Mo fẹ́ mọ bí ẹlòmíràn ṣe ṣe é.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrònú. Mo ti ka ìwé náà tán. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn títí dé òpin. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé ìfọṣọ lásìkò oúnjẹ, mo gbàgbé láti jẹun.

Ní àárọ̀ tí wọ́n fẹ́ so alágbẹ̀dẹ kọ́, igbákejì jáde sí títì, ó kígbe lójú gbogbo ìlú pé ọmọ olówó ló jí ẹṣin, òun rí i. Ọmọ olówó fa ìbọn yọ. Onírùngbọ̀n fa tiẹ̀. Ojú ewé mẹ́fà ni wọ́n fi yìnbọn, ó dà bí ẹni pé èmi náà wà lábẹ́ tábìlì kan. Nígbà tí èéfín lọ, igbákejì ti kú sílẹ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún alágbẹ̀dẹ, ìyàwó rẹ̀ sunkún, gbogbo èèyàn ṣí fìlà fún òkú. Ó parí síbẹ̀.

Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo wá rí i pé ẹni tó kọ ọ́ sá fún iṣẹ́. Ó pa ọkùnrin yẹn kó má bàa sí pé ó dúró níwájú alágbẹ̀dẹ kó sì sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí alágbẹ̀dẹ ì bá wí fún un. Èmi ì bá fẹ́ ka ìyẹn ju ojú ewé mẹ́fà ìbọn lọ.

Nítorí náà kò sí ohun tí ẹ lè kọ́ lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa yìnbọn nílé wa. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rìn débẹ̀, ẹ sì máa rìn padà. Ẹ má ra bátìrì mọ́.

Ọmọ yín obìnrin.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹsàn-án. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀.

Ọmọ mi,

Mo ti lọ. Ìròyìn rẹ̀ nìyí.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń to sípókì sínú ríìmù. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Sájẹ́ǹtì, kẹ̀kẹ́ dà?” Mo ní n kò gbé kẹ̀kẹ́ wá. Mo sọ ọ́ lórí ìdúró, nítorí kò ní kí n jókòó. Mo sọ ti aago mẹ́sàn-án, mo sọ ti ìlà mẹ́rin, mo sọ ti adájọ́. N kò fi ọ̀gá wa ṣe àwáwí. Ọwọ́ tèmi ló kọ ọ́.

Ó ń to sípókì rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, “Ọdún mọ́kàndínlógún ni ìyàwó mi fi ń bá wọn jà lọ́jà pé ọkọ òun kì í ṣolè. Ìgbà tó ku ọjọ́ kan kó kú, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, Bàbá àwọn ọmọ, àwa méjì náà nìyí, ṣé lóòótọ́ lo ò gbé e?”

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Dìde, jọ̀ọ́. Èèyàn ń kọjá. Wọ́n á ní mo gbá ọlọ́pàá lulẹ̀, wọ́n á tún wá mú mi.”

Mo dìde. Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí n ṣe. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin wà ní ìlú mìíràn, tíṣà ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n mú òun. “Ọmọ olè” ni wọ́n ń pè é níléèwé títí ó fi jáde. Láti ìgbà tó ti lọ, ẹ̀ẹ̀kan ló wá sílé, ìyẹn ìgbà tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, kò sì sùn síbẹ̀. Ó ní, “Kọ ìlà mẹ́rin yẹn padà, bó o ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fi orúkọ rẹ sí i. Kọ ohun tó o ṣe sí i sábẹ́ rẹ̀. A óò fi ránṣẹ́ sí i.” Orí àpótí ìkó-irin-sí rẹ̀ ni mo ti kọ ọ́. N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan nínú ìlà mẹ́rin náà. Mo rò pé mo ti gbàgbé wọn.

Ó wá ní, “Lójoojúmọ́ tí apínlẹ́tà bá máa kọjá, ìwọ náà máa wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí, níwájú ìta, títí èsì á fi dé. Ẹni tó bá bi ọ́ pé kí lò ń ṣe níbí, sọ fún un.”

Ọjọ́ mẹ́rin nìyí. Èèyàn mọ́kànlá ti bi mí. Mo ti sọ fún àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Àǹtí rẹ ti gbọ́ lójú ọ̀nà kí n tó délé sọ fún un, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ di àárọ̀. Ojú ń tì mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú ìjókòó. Àǹtí pè mí, ó ní òjò pa yín lórí bẹ́ǹṣì, ẹ ò sì wọlé. Ó ní kí n bẹ̀ yín kí ẹ dẹ́kun. Mi ò ní bẹ̀ yín. Mo ti fi kóòtù òjò ránṣẹ́, ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ.

Mò ń dárúkọ yín bí mo ṣe ń ká aṣọ. Mo fẹ́ràn yín, inú ṣì ń bí mi sí yín. Àwọn méjèèjì ń gbé pọ̀.

Ṣé atúnkẹ̀kẹ́ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀?

Ọmọ yín obìnrin.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ mi,

Kóòtù òjò dé, ó bá mi mu. O ṣeun.

Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ló ní kí n bá òun di táyà kan mú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ló bi mí nípa rẹ. Mo sọ fún un pé o ń ká aṣọ nílé ìwòsàn. Ó ní, “Iṣẹ́ tó mọ́ ni.” Ìyẹn nìkan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, apínlẹ́tà dúró. Lẹ́tà kan ṣoṣo, tín-ín-rín. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe nu ọwọ́, ó yípadà sí ògiri, ó kà á. Ó pẹ́ níbẹ̀. N kò rí ojú rẹ̀. Nígbà tó yí padà, ó ti ká a, ó ti fi sí àpò àyà, ó sì ti de bọ́tìnnì àpò náà. Ó ní, “Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ń mú ìyàwó àti àwọn ọmọ bọ̀. Mi ò tíì rí wọn rí.”

Mo ní mo dúpẹ́. Mo ní mà á ti wà níbí kí wọ́n tó dé, kí n lè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún un.

Ó wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó ní, “Má wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ yẹn kì í ṣe tìrẹ.”

N kò bi í nípa ọjọ́ mìíràn. Mo kí i, mo rìn padà sílé, mo sunkún lójú ọ̀nà láìfi bò. Ó dùn mí, ó sì tọ́ sí mi. Inú mi dùn fún un ju bí mo ṣe lè kọ lọ.

Òní ni Sátidé. Àǹtí rẹ ti kọjá ní ìkóríta, ó ní ọkọ̀ kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rín àwọn ọmọdé ń jáde láti inú ilé. Mo jókòó sí ìloro. Mo ti wọ bàtà láti àárọ̀, n kò sì ní ibi tí mò ń lọ.

Bàbá rẹ.